Ọwọ́ Ẹ̀rọ̀ Lára Ọmọ Ẹlẹgẹ́

Nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ kì í gún ìléròrò ọmọ tó ní àìsàn awọ tí wọ́n ń pè ní epidermolysis bullosa láti òkè. Ìsàlẹ̀ ibi tó wú ló máa ń wá, níbi tí omi inú rẹ̀ ti lè ṣàn jáde fúnra rẹ̀. Yóò mú abẹ́rẹ́ tuntun tí kò sí kòkòrò kankan lára rẹ̀, yóò tẹ̀ ẹ́ dùbúlẹ̀ títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá awọ ọmọ náà dọ́gba, yóò tì í wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹnu abẹ́rẹ́ náà yóò sì yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Ihò méjì ló lu lẹ́ẹ̀kan náà, kí omi má baà tún rí ibi kóra jọ sí. Lẹ́yìn èyí, yóò gbé gọ́ọ̀sì rírọ̀ lé e, yóò sì fi ìka tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ títí omi yóò fi tán. Kò ní nù ún. Kò sì ní ká awọ òkè tó ti rọ̀ wálẹ̀ náà kúrò, torí kò sí báńdéèjì tó lè bo egbò náà tó awọ ọmọ náà fúnra rẹ̀.

Ẹni tó ń wòran lè máa rò ó pé kí ni wọ́n ń dààmú ara wọn sí. Bí bàtà tuntun bá bó wa lẹ́sẹ̀, ṣebí a máa ń fi ìléròrò rẹ̀ sílẹ̀ ni, á gbẹ, á sì lọ. Ti ọmọ yìí kì í rí bẹ́ẹ̀. Lára tiwa, awọ tó yí ìléròrò ká lágbára, ó dá omi náà dúró. Lára tirẹ̀, kò sí ohun tó di awọ mú, omi á máa tì í ya síwájú ni, ibi tó wú díẹ̀ láàárọ̀ sì lè ti fẹ̀ gan-an kó tó dalẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tètè gún un. Iṣẹ́ àwọn tó ń tọ́jú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, torí iṣẹ́ ọwọ́ tó jinlẹ̀ ni, ó sì yẹ ká wò ó fínnífínní ká tó yìn ín.

Awọ ara wa pín sí ìpele. Èyí tó wà lókè, tí à ń fojú rí, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, ó sì ń pààrọ̀ ara rẹ̀ láàárín nǹkan bí oṣù kan. Èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ló nípọn, ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà. Purotéènì oríṣiríṣi ló so méjèèjì mọ́ra, bí òwú ṣe ń so aṣọ mọ́ èyí tí télọ̀ tẹ́ sí inú rẹ̀. Jíìnì kọ̀ọ̀kan ló ń pàṣẹ bí ara yóò ṣe ṣe purotéènì tirẹ̀. Bí ọmọ bá jogún jíìnì tó ní àbùkù, òwú náà lè máà sí rárá, ó sì lè wà kó má lágbára. Nígbà náà, ohun tí kò tó nǹkan lára ọmọ mìíràn, etí ìlédìí, ojú ìránṣọ, ọwọ́ tó gbé e lábẹ́ abíyá, á ya awọ tirẹ̀. EB ni àwọn dókítà ń gé orúkọ àìsàn náà kúrú sí. Ní ilẹ̀ òkèèrè, ọmọ labalábá ni wọ́n ń pe àwọn tó ní in. Ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí ọmọ 20 nínú mílíọ̀nù kan tí a bí láàyè ló ń ní in, kò sì yan ẹ̀yà.

Ibi tí awọ ti ń ya ló ya oríṣi kan sọ́tọ̀ sí òmíràn. Bó bá ya nínú ìpele òkè gan-an, simplex ni. Bó bá ya lójú ibi tí ìpele méjèèjì ti pàdé, junctional ni. Bó bá ya nísàlẹ̀ ibẹ̀, dystrophic ni. Ìkẹrin, tí wọ́n ń pè ní Kindler, lè ya níbi tó ju ẹyọ kan lọ. Simplex sábà máa ń ti ọ̀dọ̀ òbí kan ṣoṣo wá. Junctional, àti èyí tó le jù nínú dystrophic, ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá ló ti ń wá, àwọn méjèèjì ò sì ní àmì kankan lára. Ẹni tó bá mọ bí ẹni méjì tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ AS ṣe ń fẹ́ra wọn tí wọ́n sì ń bí ọmọ SS ti mọ ọ̀nà tó gbà wọlé: nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ yóò ní in.

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ mọ̀ ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín títẹ̀ àti fífà. Awọ ọmọ náà gba títẹ̀, bí ọwọ́ bá sọ̀ kalẹ̀ tààrà tó sì kúrò tààrà. Ohun tí kò gbà ni kí nǹkan yọ̀ lórí rẹ̀, ìbáà jẹ́ òwú tó rọ̀ jù lọ. Látorí ìmọ̀ kan ṣoṣo yìí ni gbogbo ìṣe wọn ti wá. Wọn kì í gbé ìkókó náà lábẹ́ abíyá. Wọ́n á yí i díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n á tẹ́ ọwọ́ kan sí abẹ́ ìdí rẹ̀, wọ́n á tẹ́ èkejì sẹ́yìn orí àti ọrùn, wọ́n á jẹ́ kó yí padà wá sórí ọwọ́ náà fúnra rẹ̀, kí wọ́n tó gbé e sókè. Ọwọ́ kò rìn lára ọmọ rárá. Ọmọ ló wá bá ọwọ́.

Wọ́n á yọ okùn tí wọ́n kọ orúkọ sí kúrò lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n á yọ ike tí wọ́n fi há ìwọ́ rẹ̀, wọ́n á fi òwú dì í dípò, torí ike lè máa ha ikùn. Pílásítà kò gbọdọ̀ kan ara rẹ̀. Bí ẹnìkan bá ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn kí wọ́n tó dé, wọn ò ní ṣí i, òróró ni wọ́n á fi rin ín títí yóò fi jábọ́. Aṣọ rẹ̀, inú ni wọ́n ń kọ síta, kí ojú ìránṣọ má baà kan awọ. Wọ́n á sún ìwẹ̀ rẹ̀ síwájú títí egbò tó gbà nígbà ìbí yóò fi sàn.

Báńdéèjì ni wọ́n fi ń ra ọjọ́ fún ọmọ náà. Èyí tó kan egbò jẹ́ oríṣi tí wọ́n fi sílíkóònù ṣe, tó ń fara mọ́ awọ láì lẹ̀ mọ́ ọn. Lórí rẹ̀ ni wọ́n ń gbé èyí tó ń fa omi lé, kí wọ́n tó fi aṣọ wé gbogbo rẹ̀. Bí wọ́n bá ń pààrọ̀ rẹ̀, wọn kì í tú gbogbo ara sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Apá kan, kí wọ́n dì í tán, kí wọ́n tó kan ìkejì, torí ọmọ tí ara ń ta á máa ju ẹsẹ̀, gìgísẹ̀ kan á sì bó èkejì. Bó bá jẹ́ dystrophic tó le, ìka kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń wé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí wọn ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, egbò tó wà láàárín ìka á jinná pọ̀, ọwọ́ á sì pa dé. Ẹni tó bá rí nọ́ọ̀sì tó ń wé ìka ọmọ ọwọ́, tí ìka náà ò tó pẹ́ńsùlù, tó ń rí i dájú pé aṣọ náà kò fún jù tí kò sì dẹ̀ jù, á mọ̀ pé ọjọ́ iwájú ọmọ náà ló ń wé. Ọwọ́ yẹn ló máa fi kọ̀wé, òun náà ló máa fi jẹun.

Ní ilé ìwòsàn Great Ormond Street ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn nọ́ọ̀sì kan wà tó jẹ́ pé EB nìkan ni iṣẹ́ wọn. Bí wọ́n bá pè wọ́n láti ìlú mìíràn pé wọ́n bí ìkókó tí awọ rẹ̀ ń bó, àwọn ni wọ́n ń lọ bá a níbi tó wà. Wọn kì í jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ gbé e wá, torí ìrìn àjò náà lè bó o ju bó ṣe wà lọ. Wọ́n ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀, wọ́n ń kọ́ ìyá. Ìyá náà ló máa di ọ̀gá iṣẹ́ yìí nígbẹ̀yìn, torí òun ló máa ń ṣe é nílé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìyá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kan, Phyllis Hilton, ló dá ẹgbẹ́ DEBRA sílẹ̀ ní Britain lọ́dún 1978, orúkọ ọmọ rẹ̀ obìnrin ló sì fi sọ ẹgbẹ́ náà.

Ìyá àgbà nílẹ̀ Yorùbá tó bá ń wẹ ọmọ tuntun kì í fọwọ́ dẹngbẹrẹ mú un. Kànrìnkàn àti ọṣẹ, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, á fọ̀ ọ́ dé kọ̀rọ̀ ọrùn, á fi òrí ra á, á na apá, á na ẹsẹ̀, á sọ ọ́ sókè kó má baà máa bẹ̀rù. Iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni, ọmọ tí ara rẹ̀ pé á sì sùn fọnfọn lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tó mú mi mọyì àwọn nọ́ọ̀sì tí mò ń sọ yìí ni pé gbogbo ohun tí ọwọ́ ìyá àgbà mọ̀ ni ọwọ́ tiwọn gbọ́dọ̀ sá fún, síbẹ̀ kí ìkẹ́ má dín lára ọmọ.

Kí a tó mọ ìtọ́jú tó tọ́, ẹnìkan ní láti mọ oríṣi tó jẹ́. Ìkókó tí ara rẹ̀ lé ròrò lè jẹ́ pé bakitéríà tàbí fáírọ́ọ̀sì herpes ló wọ̀ ọ́ lára, ìyẹn ní oògùn tirẹ̀, kò sì gbọdọ̀ pẹ́. Dókítà tó gbọ́n á kọ́kọ́ yẹ àwọn wọ̀nyí wò. Á bi àwọn òbí: ṣé ẹnìkan wà nínú ẹbí tó ní irú awọ yìí? Ṣé wọ́n ti bí ọmọ kan rí tó kú pẹ̀lú egbò? Ṣé ìbátan ni bàbá àti ìyá? Á wo ẹnu ọmọ, á wo èékánná rẹ̀, á wo ibi tí egbò pọ̀ sí. Á tẹ́tí sí igbe rẹ̀ pẹ̀lú, torí bí ohùn bá há, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọ̀nà ọ̀fun náà ti ń bó, junctional ni ìyẹn sì máa ń tọ́ka sí.

Àmọ́ kò ní gbára lé ojú nìkan, torí ojú ń tanni níbí. Ọmọ kan lè ní simplex tó bó gbogbo ara rẹ̀ lọ́jọ́ ìbí, kó sì máa sàn bó ṣe ń dàgbà. Òmíràn lè wá pẹ̀lú egbò bíi mélòó kan péré, kó jẹ́ junctional tó le jù, irú èyí tó sábà máa ń pa ọmọ ní kékeré. Òbí méjèèjì ń dúró de ọ̀rọ̀ ẹnu dókítà. Ẹni tó bá yára sọ̀rọ̀ lè fọkàn ìyá balẹ̀ lórí irọ́, ó sì lè gba ìrètí lọ́wọ́ ẹni tó yẹ kó ní in.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gé awọ díẹ̀ fún àyẹ̀wò. Ìléròrò tó ti wà tẹ́lẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń gé. Láàárín wákàtí díẹ̀, ara á ti bẹ̀rẹ̀ sí í tún ara rẹ̀ ṣe lábẹ́ rẹ̀, ẹ̀rí á sì ti dàrú. Dókítà á wá ibi tí kò tíì bó. Á mú ìka tó wọ ìbọ̀wọ́, tàbí ìrésà pẹ́ńsùlù, á gbé e lé awọ náà, á sì máa yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún títí ojú ibẹ̀ á fi pọ́n. Níbí nìkan ni wọ́n ti ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ohun tí gbogbo iṣẹ́ yòókù kà sí èèwọ̀. Wọ́n ń bi awọ léèrè pé níbo lo ti ń ya, wọ́n sì ń bi í ní ìwọ̀nba tó tó láti dáhùn. Wọ́n á fún ojú ibẹ̀ ní abẹ́rẹ́ tí kò ní jẹ́ kó mọ ìrora, wọ́n á sì gé awọ tí kò tóbi ju hóró ìrẹsì lọ.

Nílé àyẹ̀wò, wọ́n á gé awọ náà, tí wọ́n ti dì bíi yìnyín, sí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n á fi èròjà tó ń tàn sí i, èyí tó jẹ́ pé purotéènì kan ṣoṣo ló máa ń lẹ̀ mọ́. Wọ́n á wá fi maikirosíkóòpù wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ìléròrò tí ojú lásán ò lè rí yìí ní òrùlé, ó sì ní ilẹ̀. Bí purotéènì tó ń jẹ́ collagen IV bá tàn lórí òrùlé, abẹ́ rẹ̀ ni awọ ti ya, dystrophic ni. Bó bá tàn nílẹ̀, wọ́n á wo purotéènì mìíràn, collagen XVII: bó bá wà nílẹ̀ pẹ̀lú, simplex ni, bó bá wà lórí òrùlé, junctional ni. Bí purotéènì kan tó yẹ kó tàn bá ṣókùnkùn pátápátá, ìyẹn ti fẹjọ́ sun jíìnì tirẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ka jíìnì ọmọ àti ti òbí láti inú ẹ̀jẹ̀, kí ọ̀rọ̀ lè dájú, kí àwọn òbí sì mọ ohun tó wà níwájú bí wọ́n bá tún fẹ́ bímọ.

Nígbà mìíràn, ìtọ́jú ọwọ́ nìkan kì í tó. Ní oṣù kẹfà ọdún 2015, wọ́n gbé ọmọkùnrin ọdún 7 kan dé ilé ìwòsàn yunifásítì ní Bochum, ní Jámánì. Síríà ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá. Junctional ló ní, láti ọjọ́ ìbí sì ni. Bakitéríà ti wọ egbò rẹ̀, nǹkan bí ìdá 60 nínú 100 awọ òkè rẹ̀ ti lọ, kílò 17 péré ló sì wọ̀n. Wọ́n gé awọ bàbá rẹ̀ lẹ̀ ẹ́ lára, ara ọmọ kọ̀ ọ́. Kò sí ohun tó kù ju pé kí wọ́n máa mú ìrora dín lọ. Àwọn òbí rẹ̀ ní kí wọ́n gbìyànjú ohunkóhun tó bá wà.

Ohun tó wà náà ti pẹ́ kó tó gbó. Lọ́dún 1975, James Rheinwald àti Howard Green fi hàn ní Amẹ́ríkà pé a lè gbin sẹ́ẹ̀lì awọ ènìyàn sínú àwo kó sì pọ̀ sí i, bí a bá fi sẹ́ẹ̀lì eku kan tì í lẹ́yìn. Lọ́dún 1983, wọ́n fi awọ tí wọ́n gbìn bẹ́ẹ̀ gba ẹ̀mí ọmọdé méjì tí iná jó ní gbogbo ara là ní Boston. Michele De Luca kọ́ iṣẹ́ náà lọ́dọ̀ Green, òun àti Graziella Pellegrini sì gbé e lọ sí Ítálì. Lọ́dún 2006, wọ́n tẹ ìròyìn jáde pé awọ tí àwọn tún jíìnì rẹ̀ ṣe ti mú lórí itan àgbàlagbà kan tó ní junctional. Itan nìkan ni, kì í ṣe gbogbo ara.

Láti ara ọmọ Bochum, awọ tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin níbùú lóròó (4 cm²) ni wọ́n gé, níbi tí itan ti pàdé ikùn, torí ibẹ̀ kò tíì bó. Wọ́n gbé e lọ sí yunifásítì Modena. Níbẹ̀, wọ́n fi fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ti sọ di aláìlágbára gbé LAMB3 tó pé, jíìnì tó bàjẹ́ lára rẹ̀, wọ inú sẹ́ẹ̀lì náà. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbìn ín.

Kì í ṣe kí sẹ́ẹ̀lì ṣáà pọ̀ ni iṣẹ́ náà. Nínú sẹ́ẹ̀lì awọ, díẹ̀ ni ìyá tó lè máa bí fún gbogbo ọjọ́ ayé ènìyàn. Holoclone ni agbo ọmọ tirẹ̀ ń jẹ́. Àwọn yòókù á pín lẹ́ẹ̀mélòó kan, wọ́n á sì rọ. Bí wọ́n bá gbìn ín nígbàkugbà, tàbí tí wọ́n jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì fún ara wọn jù nínú àwo, ìyá á tán nínú rẹ̀ láì hàn sí ẹni tó ń wò ó. Awọ tó dára lójú ni wọ́n á lẹ̀ mọ́ ọmọ lára, á sì re dànù láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ọgbọ́n àwọn ará Modena ni pé wọ́n mọ bí a ṣe ń sọ sẹ́ẹ̀lì di púpọ̀ kí ìyá má sì ṣòfò. Sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin yẹn di nǹkan bí 8,500, ó ju ìlọ́po 2,000 lọ.

Tobias Hirsch àti àwọn oníṣẹ́ abẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé e lé ọmọ náà lára lẹ́ẹ̀mẹ́ta: ní oṣù kẹwàá àti oṣù kọkànlá ọdún 2015, àti oṣù kìíní ọdún 2016. Awọ náà kò nípọn, ó lè ya lọ́wọ́ ẹni tó bá kánjú. Wọ́n ń tẹ́ ẹ lé ojú egbò ni, wọn kì í fà á. Nǹkan bí ìdá 80 nínú 100 awọ òkè rẹ̀ ni wọ́n pààrọ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2016, ó ti ilé ìwòsàn lọ sílé. Nígbà tí wọ́n tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ọdún márùn-ún, awọ tí wọ́n lẹ̀ náà ṣì dúró, kò lé ròrò, jẹjẹrẹ kò sì sí nínú rẹ̀. Ibi tí wọn ò pààrọ̀ ṣì ń bó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun tí àyẹ̀wò fi hàn sì ni pé ìwọ̀nba ìyá sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ ló ń bí gbogbo awọ tuntun náà. Àwọn tí wọ́n ṣọ́ kó má ṣòfò nínú àwo ló gbé ọmọ náà ró.

Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023, oògùn kan wà tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún dystrophic, Vyjuvek. Jẹ́ẹ̀lì ni, ó gbé jíìnì purotéènì tó ń jẹ́ collagen VII dání, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń lò ó. Wọn kì í fi pa egbò. Wọ́n ń kán an sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ̀kán kan, kí àyè bíi sẹ̀ǹtímítà kan wà, ẹ̀kán mìíràn, títí á fi kárí. Oògùn tuntun dé, òfin àtijọ́ ló sì bá níbẹ̀: má rà á, má fà á.

Ìdájọ́ tèmi nìyí. Àwọn tó ń tún jíìnì ṣe tọ́ sí ìyìn tí ayé ń fún wọn, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ tí yóò pẹ́ láyé dé ọ̀dọ̀ wọn bí kò bá kọ́kọ́ bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó mọ bí a ṣe ń gbé e. Ọwọ́ yẹn kò nílò ẹ̀rọ olówó ńlá, a sì lè kọ́ ọ níbikíbi tí wọ́n ti ń gbẹ̀bí.

Nítorí náà, bí wọ́n bá bí ọmọ ládùúgbò yín tí awọ rẹ̀ ń bó bí a bá ti fọwọ́ kàn án, ẹ gbé kànrìnkàn sọ nù, ẹ má lẹ pílásítà mọ́ ọn, ẹ má fi ohunkóhun ra á lára. Ẹ gbé e lórí aṣọ rírọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tó ní dókítà awọ ara. Ẹ má bi ìyá rẹ̀ pé kí ló jẹ nínú oyún, ẹ má sì sọ pé ó jó ọmọ níná. Àìsàn yìí kì í ràn. Ẹ bá a gbé ọmọ náà, kìkì pé kí ẹ kọ́kọ́ ní kó fi bí wọ́n ṣe ń gbé e hàn yín.